Lìmfómà lẹ́yìn ìpààrọ̀ ọkàn: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ẹbí l'Ábẹ́òkúta

Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún ni mo kọ èyí fún, àti ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti òkè òkun dé pẹ̀lú àpò oògùn àti ìwé tí wọ́n fi èdè dókítà kọ, tí kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé. Ohun méjì ni mo fẹ́ kó dá yín lójú kẹ́ ẹ tó kúrò níbí. Àkọ́kọ́, ibà tàbí kókó tó bá yọ lára ẹni tó ní ọkàn tuntun kọjá ohun tí ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì lè tọ́jú. Èkejì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dín oògùn ọkàn náà kù, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ dẹ́rù bà á tó.

Kí ni lìmfómà gan-an, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ ọkàn tí wọ́n pààrọ̀?

Lìmfómà ni jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń jẹ́ lìmfósáìtì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń bá kòkòrò àrùn jà. Inú àwọn kókó kéékèèké tó wà lọ́rùn, lábíyá, nínú àyà, nínú ikùn àti níbi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n pọ̀ sí jù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yíwọ́, tó wá ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, tí ohunkóhun ò sì dá a lẹ́kun, lìmfómà nìyẹn.

Ọkàn tuntun kọ́ ló gbé jẹjẹrẹ wá. Oògùn tó ń jẹ́ kí ara gba ọkàn náà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Tí wọ́n bá fi ọkàn ẹlòmíì sí èèyàn láyà, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á rí i bí ọ̀tá, wọ́n á sì gbéjà kò ó. Kí wọ́n má baà bà á jẹ́, dókítà á fún aláìsàn ní oògùn tó ń rẹ agbára wọn sílẹ̀: tacrolimus tàbí ciclosporin, mycophenolate tàbí azathioprine, àti prednisolone. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a rẹ̀ sílẹ̀ yìí kan náà ló yẹ kó máa ṣọ́ èyí tó bá fẹ́ yíwọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn.

PTLD (post-transplant lymphoproliferative disorder, ìyẹn àìsàn tí lìmfósáìtì ti ń bí sí i jù lẹ́yìn ìpààrọ̀) ni lẹ́tà tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé dókítà. Orúkọ yẹn kó ohun púpọ̀ pọ̀, látorí kókó tó wú díẹ̀ tó sì lè rọ̀ tí wọ́n bá dín oògùn kù, títí dórí lìmfómà tó le gan-an. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní PTLD ni, ẹ bi wọ́n léèrè irú èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Dókítà ní bàbá wa ti ní kòkòrò EBV tipẹ́tipẹ́. Níbo ni wọ́n ti kó o?

Níbi tí gbogbo wa ti kó o ni. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà lágbàáyé, ó lé ní 90 tó ní fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí wọ́n ń gé kúrú sí EBV, lára. Inú itọ́ ló ń gbà rìn. Ife omi kan náà, ṣíbí kan náà, oúnjẹ tí ìyá jẹ lẹ́nu kó tó fún ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, kékeré ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o, ó sì lè má ju ibà ọjọ́ díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, á sá pamọ́ sínú lìmfósáìtì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ayé. Ara tó lágbára ń ká a lọ́wọ́ kò, èèyàn ò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìtàn fáírọ́ọ̀sì yìí ò jìnnà sí wa. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí kókó ńlá ń yọ lágbọ̀n. Ní 1964, Michael Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára irú kókó bẹ́ẹ̀. Àrùn àgbọ̀n yẹn, lìmfómà lòun náà, àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn bá ti ń bá ọmọ jà léraléra.

Fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, ewu tó tóbi jù ni pé kó má tíì ní EBV rí, kó wá gba ọkàn lára ẹni tó ní in. Fáírọ́ọ̀sì á bá ọkàn wọlé, á bá ara tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí oògùn sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdé ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewu wọn fi ju ti àgbà lọ. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni méjèèjì wò fún EBV. Ẹ béèrè èsì yẹn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Bàbá tó ti ní in láti kékeré ní àǹfààní díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti bọ́. Lìmfómà tó ń yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lè wá láìsí EBV nínú rẹ̀ rárá.

Báwo ló ṣe wọ́pọ̀ tó?

Iye rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Fún ọkàn, nǹkan bí ẹni 2 sí 8 nínú 100 ni. Fún kíndìnrín, bí 1 sí 3. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́ ṣì lè padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ọkàn kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí oògùn àwọn tó pààrọ̀ ọkàn le ju ti àwọn tó pààrọ̀ kíndìnrín lọ. Ọdún àkọ́kọ́ ni ewu náà ga jù, á wá lọ sílẹ̀, á sì tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ọkàn tuntun ò gbọdọ̀ sọ pé òun ti kọjá ibẹ̀.

Ta ló ń pààrọ̀ ọkàn ní Abẹ́òkúta? Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá?

Ó kàn wá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tí ọkàn wọn ń kọṣẹ́ ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ó wà nílé gbogbo wa láti Lafẹ́nwá dé Ọbáńtokò. Díẹ̀ péré lára àwọn aláìsàn yẹn ni yóò dé orí tábìlì ìpààrọ̀ ọkàn, òkè òkun sì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí. Àmọ́ ilé ni wọ́n ń padà sí, ilé náà sì ni àrùn yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Àwọn tó pààrọ̀ kíndìnrín tún pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, torí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn ní Nàìjíríà láti 2000. Oògùn kan náà ni wọ́n ń lò, nítorí náà kí àwọn náà ka èyí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún lágbàáyé ni Louis Washkansky, ní Cape Town, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1967. Christiaan Barnard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ọjọ́ 18 ló lò láyé lẹ́yìn náà, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa á, torí oògùn ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù. Láti ìgbà yẹn títí dòní, wàhálà kan náà ni àwọn dókítà ń bá yí: oògùn tó kéré jù á jẹ́ kí ara kọ ọkàn, èyí tó pọ̀ jù á sì ṣílẹ̀kùn fún àrùn àti jẹjẹrẹ.

Àmì wo ni ká máa ṣọ́?

Kókó tó wú lọ́rùn, lábíyá tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn, pàápàá tí kò bá dunni tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Òógùn òru tó ń mú kéèyàn pààrọ̀ aṣọ. Kí aṣọ máa tóbi síni láìjẹ́ pé èèyàn ń gbààwẹ̀. Ó rẹ̀ mí tí kò tán nígbà tí èèyàn bá sùn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn yìí kì í yọ sí ibi tí ọwọ́ lè tẹ̀. Inú ìfun ló wà lára àwọn ibi tó fẹ́ràn jù, nítorí náà inú rírun tí kò lọ, ìgbẹ́ gbuuru tó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó máa mú ikọ́ àti èémí tí kò délẹ̀ wá. Ó lè wọ ọpọlọ, kí orí máa fọ́ni, kí ìwà èèyàn yí padà, tàbí kí gìrì mú un. Ó tiẹ̀ lè wọ inú ọkàn tuntun náà. Lára ọmọdé, ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun: ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun lójijì, tí bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ wú, tí ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣe rò pé òtútù lásán ni.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ ti lìmfómà nìkan. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ ni ara tí wọ́n yọ sí.

Ṣé mi ò lè kọ́kọ́ fún un ní oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta, ká wá wò ó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn: ibà dé, a sáré dé kẹ́míìsì ní Pàǹṣẹ́kẹ́, wọ́n po oògùn ibà pọ̀ mọ́ ti taifọ́ọ̀dù, ó parí. Fún ẹni tó ní ọkàn tuntun, ibi tí àkókò ti ń ṣòfò nìyẹn. Ibà ẹ̀fọn wà lóòótọ́, ó sì lè pa á, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an nílé ìwòsàn. Ibi tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé kẹ́ ẹ pe àwọn tó ṣe ìpààrọ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, bó jẹ́ orí fóònù, bó jẹ́ WhatsApp. Kí ibà náà lọ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn oògùn kò fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni, torí ibà lìmfómà náà máa ń lọ, á sì tún padà.

Ìdí kejì ni pé oògùn kan ń da oògùn kejì rú. Erythromycin, clarithromycin àti fluconazole, tí wọ́n ń tà lórí káńtà níbi gbogbo, ń mú kí tacrolimus àti ciclosporin pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, títí tí wọ́n fi lè ba kíndìnrín jẹ́. Rifampicin, oògùn ikọ́ fée, ń lé wọn kúrò lára, ara wá lè kọ ọkàn náà. Ọsàn gíréèpù náà ń gbé wọn sókè. Ọsàn mímu wa kò sí nínú èyí. Àgbo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìgò àgbo kan máa ṣe sí tacrolimus, torí kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò bá ẹni tó ń ta àgbo jà. Àmọ́ fún ara yìí, kò yẹ.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ń ṣe?

Èyí tó ń sọ òótọ́ ni kí wọ́n gé kókó náà, odidi tàbí apá kan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò tó, bẹ́ẹ̀ ni fífi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa omi inú rẹ̀ kì í sábà tó. Láàbù á wá bóyá EBV wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, á sì wá àmì kan tó ń jẹ́ CD20 lára rẹ̀, torí àmì yẹn ló ń sọ bóyá oògùn rituximab máa ṣiṣẹ́. CT scan tàbí PET-CT, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, á fi hàn ibi tó dé. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún èròjà kan tó ń jẹ́ LDH àti iye EBV tó ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n á sì ya àwòrán ọkàn.

Àwọn ẹbí kan máa ń kọ̀ kí wọ́n gé kókó, wọ́n ní tí irin bá ti kàn án, á tàn ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n gé e ń sọ fún dókítà pé kó máa fi ojú tí wọ́n dì tọ́jú òun ni.

Tó bá jẹ́ oògùn ló fà á, kí ló dé tí a ò lè dá oògùn náà dúró fúnra wa?

Ìbéèrè tó ń dun èèyàn jù nìyí, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ní 1984, Thomas Starzl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé nígbà tí àwọn dín oògùn náà kù tàbí dá a dúró fún àwọn tó ní lìmfómà lẹ́yìn ìpààrọ̀, kókó náà súnkì, ó sì lọ lára àwọn kan. Láti ìgbà yẹn, dídín oògùn kù ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ogun ara á jí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá sẹ́ẹ̀lì burúkú náà kúrò. Jẹjẹrẹ tó lè lọ torí pé a dín oògùn kan kù, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àmọ́ àwọn ọmọ ogun tó jí náà lè kọjú sí ọkàn. Bí ara bá ń kọ ọkàn, ó lè má dun èèyàn títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń dín in pẹ̀lú ìṣirò. Wọ́n sábà máa ń dá mycophenolate tàbí azathioprine dúró, wọ́n á dín tacrolimus tàbí ciclosporin kù, bóyá sí ìdajì, wọ́n á sì fi prednisolone sílẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n á máa ya àwòrán ọkàn, wọ́n á máa wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà míì wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan ọrùn lọ mú ẹran bíńtín nínú ọkàn láti wò ó bóyá ara ti ń kọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró nílé kò ní ìkankan nínú ìṣọ́ yìí.

Wòlíì ní kí ìyá wa fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lo omi àdúrà.

Kí wọ́n gba àdúrà, kí wọ́n mu omi náà tó bá jẹ́ omi tó mọ́, kí wọ́n sì lo oògùn wọn ní wákàtí tí wọ́n kọ fún wọn. Ẹ lè mú ẹnì kan lára àwọn àgbà ìjọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ju àríyànjiyàn ilé lọ.

Tí dídín oògùn kù ò bá tó ńkọ́?

Rituximab ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, tí CD20 bá wà lára sẹ́ẹ̀lì náà. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fà á sára, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó pọn dandan kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, torí rituximab lè jí i dìde lára ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ pátápátá. Àrùn mẹ́dọ̀wú B wọ́pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fo àyẹ̀wò yìí, ẹ rán an létí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Tí ìyẹn náà ò bá tó, kẹ́mò (àwọn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) ló kàn, àdàpọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní CHOP, tí wọ́n á pa pọ̀ mọ́ rituximab. Doxorubicin, oògùn pupa tó wà nínú rẹ̀, lè ṣe ọkàn léṣe. Nítorí náà, dókítà jẹjẹrẹ àti dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún un. Kókó tó bá wà lójú kan ṣoṣo, wọ́n lè gé e tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Ní Yúróòpù, láti oṣù Kejìlá 2022, wọ́n ti fọwọ́ sí tabelecleucel, sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì tí wọ́n ti kọ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tó ní EBV, fún àwọn tí ìtọ́jú tó kù kò ṣiṣẹ́ fún.

Ṣé ó ń sàn? Lára ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lára àwọn míì, pàápàá tó bá ti wọ ọpọlọ tàbí tó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ó nira gan-an. Àwọn tí wọ́n tètè rí tiwọn ló ń ṣe dáadáa jù.

Níbo la lè lọ láti Abẹ́òkúta?

Ìdí-Àbà lẹ lè kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibà tó dé lójijì àti àwòrán ọkàn. Fún dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú lìmfómà, UCH n'Ìbàdàn àti LUTH l'Ékòó ló sún mọ́ wa. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní 2019 wà nínú ọgbà LUTH n'Ídìí-Àràbà. Ẹni tí ojú ọ̀nà máa ń rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, ó ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa wọn tacrolimus nínú ẹ̀jẹ̀, kó má tíì lo ti àárọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Kó mú un dání, kó lò ó lẹ́yìn náà.

Oògùn náà wọ́n. Àwọn kan ń fo ọjọ́ kan kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́, àwọn míì ń ra orúkọ míì tó dínwó. Tí owó bá ti fẹ́ tán, ẹ sọ fún dókítà kó tó tán. Ẹ má pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe tacrolimus yín láìsọ fún un, torí wọn kì í ṣe bákan náà nínú ara.

Ṣé a lè kó o lára rẹ̀? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́?

Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ jọ jẹ làfún yín, ẹ jọ sùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè nínú, bíi ti ibà pọ́njúpọ́njú (yellow fever) àti ti èéyi (measles), ni kò yẹ kó gbà lẹ́yìn ìpààrọ̀ láìbi dókítà rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń múra ìrìn àjò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kó bi wọ́n bóyá kó ti gba ti ibà pọ́njúpọ́njú kó tó lọ.

Tí lìmfómà náà bá lọ, ṣé wọ́n á dá oògùn padà sí bó ṣe wà?

Wọn kì í sábà dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìwọ̀n tó kéré jù tí ọkàn náà lè gbà ni wọ́n á máa wá, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí i. Wọ́n lè yọ oògùn kan kúrò pátápátá, wọ́n sì lè fi òmíràn bíi sirolimus rọ́pò. Àyẹ̀wò á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọdún bíi méjì: ọwọ́ á máa kan ọrùn àti abíyá, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á máa ya àwòrán ọkàn. Kí ẹnì kan nínú ilé ní ìwé kékeré tí wọ́n á máa kọ ọjọ́, ibà, ìwọ̀n ara àti oògùn sí, kí wọ́n sì mú un dání nígbàkigbà tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà.